Ta Ni Yóò Bá Mi Bo Àṣírí? Ìtàn Bí Obìnrin Ìlú Ńlá Ṣe Ń Yan Ibi Tí Yóò Ti Fètò Sọ́mọ Bíbí

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ti kọ nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà, ìjọba àti àwọn àjọ ni ọ̀rọ̀ máa ń dá lé: ta ló gbé owó kalẹ̀, ọdún wo ni wọ́n ṣí kíláńíìkì, irú oògùn wo ni wọ́n kó wá. Ìwọ̀nyí ṣe pàtàkì, èmi náà yóò sì dárúkọ wọn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn yìí délẹ̀délẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ni kó tọpa. Láti ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn tí irú kíláńíìkì bẹ́ẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn àti Èkó, àwọn obìnrin ló ń pinnu èyí tí yóò kún àti èyí tí àga rẹ̀ yóò ṣófo. Kí obìnrin tó béèrè pé abẹ́rẹ́ ni àbí lúùpù, ó ti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ta ni yóò rí mi bí mo bá ń wọlé? Ṣé nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò ní í bú mi? Ṣé ọ̀rọ̀ mi kò ní í ti dé etí ìyá ọkọ mi kí n tó padà sílé?

Kí kíláńíìkì tó dé rárá ni Yorùbá ti ń fètò sí ọmọ bíbí. Láyé àtijọ́, bí obìnrin bá ti bímọ, òun àti ọkọ rẹ̀ kì í sùn pọ̀ mọ́ títí wọn yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, èyí sì lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n gbà pé bí ọkọ bá sún mọ́ ìyá ọmọ, omi ọmú yóò bàjẹ́, ọmọ yóò sì máa ṣàìsàn. Ìyá tó bá lóyún nígbà tí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì rìn gírígírí, ìtìjú ni fún un láàrin agbo ilé, àwọn ìyàwó ilé á sì máa fi kọrin. Òfin mìíràn tún wà tí ẹnì kankan kò kọ sílẹ̀: bí ọmọbìnrin ẹni bá ti wọ ilé ọkọ tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, ìyá rẹ̀ á dáwọ́ ọmọ bíbí dúró, torí pé kò bójú mu kí ìyá àti ọmọ jọ máa pọn ọmọ lásìkò kan náà.

Agbo ilé ló ń jẹ́ kí ètò yìí ṣeé ṣe. Ìyá ọmọ ní yàrá tirẹ̀, ìyá ọkọ wà nítòsí tó ń ṣọ́ ọ, ọkọ sì lè ní ìyàwó mìíràn. Nígbà tí tọkọtaya wá kó lọ sí yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n háyà ní Mushin ní Èkó tàbí ní Òkè-Adó ní Ìbàdàn, tí wọ́n jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, tí ìyá ọkọ wà lábúlé, tí ìyàwó fúnra rẹ̀ sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá yẹra fún ọdún mẹ́ta, ọkọ yóò fẹ́ ẹlòmíràn, àṣà náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ohun tó tún wá kù fún un ni ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kulẹ́ja àti eléwé ọmọ. Níbẹ̀ ni obìnrin ti ń ra òrùka, ìgbàdí àti àgbo. Èmi kò ní sọ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ń dènà oyún, kò sí ẹ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí títà wọn ṣe rí. Ìgbà ìnájà ni obìnrin yóò yà síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá rí i yóò rò pé ewé ibà ló wá rà. Ẹni tó ń tà á jẹ́ àgbà obìnrin tí kì í béèrè pé ọmọ mélòó lo bí. Kò sí káàdì, kò sí ìwé tí ọkọ yóò fọwọ́ sí. Gbogbo ètò tí àwọn onímọ̀ ṣe lẹ́yìn náà, tí ó sì yọrí sí rere, nǹkan wọ̀nyí gan-an ni wọ́n padà lọ kọ́.

Ìkànìyàn 1952 fi hàn pé àwọn tó ń gbé Ìbàdàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 460,000, kò sì sí ìlú aláwọ̀ dúdú tó tóbi tó o ní gbogbo ẹkùn olóoru Áfíríkà nígbà náà. Ní 1957 wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, UCH, síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fọwọ́ sí oògùn oníhóró tí obìnrin ń lò lójoojúmọ́ ní 1960. Dókítà Jack Lippes sì gbé lúùpù rẹ̀ jáde ní 1962, ike tí wọ́n lọ́ bí ejò kékeré, tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Ní Èkó, àwọn obìnrin kan tó kàwé àti àwọn dókítà díẹ̀ ti ń gbé ọ̀rọ̀ ìfètò yẹ̀wò láti ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1964, èyí tó di PPFN lẹ́yìn náà. Orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ló kọ́kọ́ fi ìfètò-sọ́mọ-bíbí ṣe ètò ìjọba ní gúúsù Sàhárà, ní 1967. Ti Nàìjíríà kò yá bẹ́ẹ̀. Ogun abẹ́lé ń bẹ níwájú, àwọn olóṣèlú sì mọ̀ pé iye orí ni wọ́n fi ń pín owó àti àga ní orílẹ̀-èdè yìí.

Nígbà tí tiwa ṣì ń fà, ìdánwò ńlá kan ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú Taichung ní Taiwan. Ní 1963, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Michigan pín ìlú náà sí àdúgbò kéékèèké tó lé ní 2,000. Ní àwọn kan, nọ́ọ̀sì lọ láti ilé dé ilé. Ní àwọn mìíràn, lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀, wọn kò ṣe ju kí wọ́n lẹ pósítà mọ́ ògiri. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé obìnrin láti àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò kanlẹ̀kùn sí náà tú jáde wá gba lúùpù. Ọ̀rẹ́ ló sọ fún ọ̀rẹ́, aládùúgbò ló mú aládùúgbò lọ. Wọ́n tún rí i pé bíbá ọkọ àti ìyàwó sọ̀rọ̀ pa pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mú kí àwọn tó wá pọ̀ ju bíbá ìyàwó nìkan sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ wa ṣì ń lé obìnrin padà sílé pé kó lọ mú ọkọ wá.

Ní 1973, onímọ̀ ará Ọsirélíà kan, John Caldwell, àti ìyàwó rẹ̀ Pat, fi ọ̀rọ̀ wá obìnrin tó lé ní 6,000 lẹ́nu wò ní Ìbàdàn. Ìwádìí wọn wà lára àwọn tó jinlẹ̀ jù tí wọ́n ṣe nípa ìlú Áfíríkà kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó wà nílùú òkèèrè ń retí láti gbọ́ pé obìnrin ń lo oògùn nítorí pé wọn kò fẹ́ ọmọ púpọ̀. Àwọn tó fẹ́ ọmọ díẹ̀ wà lóòótọ́, wọn kò pọ̀, ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn sì kà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lo oògùn ìgbàlódé ń lò ó kí wọ́n lè sùn ti ọkọ wọn láìfi ọmọ tó ń mu ọmú sínú ewu. Wọ́n fi kóró oògùn rọ́pò ọdún mẹ́ta tí ìyá wọn fi ń yẹra. Àfojúsùn ìyá àgbà ni wọ́n ń lépa, pé kí ọmọ má tẹ̀lé ara wọn kánkán. Irinṣẹ́ ni wọ́n pààrọ̀.

Ohun kejì tí ìwádìí ọjọ́ náà fi hàn ni pé ṣọ́ọ̀bù oògùn ni ọ̀pọ̀ ti ń rà á, wọn kì í lọ sí kíláńíìkì. Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ kí a wọ kíláńíìkì náà wò. Bẹ́ńṣì gígùn ló wà lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin mẹ́wàá ti jókòó sórí rẹ̀. Àwọn tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ náà ń gba ibẹ̀ kọjá, a kì í sì í ṣàìrí ẹni tó mọ ẹni. Bí ó bá kan ọ, nọ́ọ̀sì yóò pe orúkọ rẹ sókè. Yóò wo ikùn rẹ, yóò ní: "Ọmọ mélòó lẹ bí, màmá?" Bí o bá ní méjì, yóò ní: "Méjì péré? Ẹ lọ bí sí i kí ẹ tó wá." Bí o bá ní mẹ́fà, yóò béèrè pé: "Bàbá wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ wá síbí?" Lẹ́yìn náà ni yóò kọ káàdì fún ọ, tí wọ́n kọ déètì tí o máa padà wá sí. Káàdì yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń bẹ̀rù ju oògùn lọ. Níbo ni wọn yóò fi í pa mọ́ sí nínú yàrá kan ṣoṣo? Àwọn kan ń fi í sínú páálí ọjà, àwọn kan fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, ọ̀pọ̀ sì fà á ya kí wọ́n tó délé. Ìwé kíláńíìkì á wá máa ka irú wọn sí àwọn tó fi ìfètò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó fà á ya lè ti bọ́ sí kẹ́míìsì àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀. Ní 1968, Póòpù Paul Kẹfà fi lẹ́tà Humanae Vitae kọ gbogbo ọ̀nà tí kì í ṣe ti kíka ọjọ́, láti ìgbà náà sì ni àwọn ilé ìwòsàn Kátólíìkì, tí ọ̀pọ̀ obìnrin fẹ́ràn nítorí ìmọ́tótó àti ìwà pẹ̀lẹ́ wọn, kì í ti í fúnni lóògùn tàbí lúùpù. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tí obìnrin ti bímọ tó sì fọkàn tán kì í ṣe ibi tí yóò ti gba ìfètò. Ó di dandan kó wá ojú tuntun lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin ń fi ẹsẹ̀ wọn sọ ni àwọn oníṣẹ́ ìlera UCH. Ní 1980, àwọn àti Yunifásítì Columbia bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Akínyẹlé, lẹ́yìn Ìbàdàn. Wọ́n kó àwọn ìyá abiyè àti àwọn ará abúlé jọ, wọ́n kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú ibà, aràn àti ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì fi kóró oògùn ìfètò àti kọ́ńdọ̀mù kún un. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé obìnrin tó bá ń bọ̀ láti ilé ìyá abiyè lè sọ pé oògùn ibà ọmọ lòun lọ gbà, òótọ́ ló sì ń sọ.

Láàárín àwọn ọdún 1980 kan náà ni wọ́n gbé e wọ inú ọjà Ìbàdàn. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn náà, mo sì rò pé a kò gbé oríyìn tó tọ́ fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ Ládípọ̀ àti agbẹ̀bí Grace Delano, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà, wọ́n yan nínú wọn, wọ́n sì kọ́ wọn. Ẹni tó ń ta aṣọ tàbí èròjà ọbẹ̀ á gbé ọjà rẹ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kọ́ńdọ̀mù, oògùn oníhóró, oògùn ibà àti omi oníyọ̀-oníṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru wà. Oníbàárà á dúró, á ná ọjà, á bi ìyá náà ní ìbéèrè kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìyá á sì fi ohun tó fẹ́ sáàárín ọjà tó rà, á dì í. Ta ló máa mọ̀? Bí ìyá náà bá sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ oníbàárà rẹ̀ ń ru, tàbí pé orí ń fọ́ ọ lẹ́yìn oògùn, ó mọ ilé ìwòsàn tí yóò darí rẹ̀ sí. Àwọn tí kò gbà pé obìnrin tí kò kàwé lè tà á dáadáa rí i pé àṣìṣe ni àwọn ṣe: àwọn ìyá ọlọ́jà mọ bí a ti í ka owó àti bí a ti í pa àṣírí mọ́, ohun méjèèjì tí iṣẹ́ náà ń béèrè.

Ní 1988, ìjọba ológun Ìbráhìm Bàbáńgídá fọwọ́ sí ètò ìlànà àkọ́kọ́ lórí iye èrò Nàìjíríà, lábẹ́ Mínísítà Ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti. Ìlànà náà ní kí obìnrin má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ, ó pè é ní àfojúsùn, kì í ṣe òfin. Ariwo ta. Ọ̀pọ̀ obìnrin béèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò rí dá lóhùn: bí ìyàwó kọ̀ọ̀kan bá bí mẹ́rin, tí ọkọ sì ní ìyàwó mẹ́rin, mélòó ni ọkọ náà bí? Èmi kò rí àléébù nínú èrò Ransome-Kuti, ẹni tó fi ìtọ́jú ìlera alábọ́dé ṣe iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé náà bá ilé ọmọ obìnrin sọ̀rọ̀ láìbá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ka ọmọ rẹ̀ fún un, kò béèrè ohun tó ń dà á láàmú.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, 1989, Ládípọ̀ àti Delano dá àjọ ARFH sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa bá iṣẹ́ ìfètò lọ. Àjọ Society for Family Health ti wà láti 1985, òun ló gbé kọ́ńdọ̀mù Gold Circle dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù àti kíọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n òṣèlú ilẹ̀ òkèèrè ń dá sí irú iṣẹ́ yìí. Ní 1984, ìjọba Amẹ́ríkà lábẹ́ Reagan kéde níbi àpérò Mexico pé òun kì yóò ná owó lé àjọ ilẹ̀ òkèèrè tó bá ní ọwọ́ nínú oyún ṣíṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá wọlé ní Washington, wọ́n á mú ìlànà náà padà. Bí èkejì bá wọlé, wọ́n á mú un kúrò. Obìnrin Ìbàdàn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn rí i pé ohun tí òun ń gbà tẹ́lẹ̀ ti tán ní ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ obìnrin Nàìjíríà yàn nígbà tí ó dé. Wọ́n ń gbà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì tàbí mẹ́ta. Kò sí páálí oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí, kò sí okùn lúùpù tí ọkọ lè fọwọ́ kàn. Obìnrin á gbà á tán, á padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó di oṣù mẹ́ta. Àmọ́ abẹ́rẹ́ yìí ní ìyọnu tirẹ̀. Ó máa ń da nǹkan oṣù rú: ó lè dá a dúró pátápátá, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nọ́ọ̀sì yóò sọ pé kò léwu, òótọ́ sì ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn jẹ́ ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò mọ ìgbà tí yóò parí kò mọ ìgbà tó yẹ kó kírun àti ìgbà tí kò yẹ. Bí ó bá bọ́ sínú Ramadan, ààwẹ̀ rẹ̀ dàrú, ọkọ rẹ̀ á sì rí i pé ìyàwó òun kò dìde fún ìrun. Àṣírí tí abẹ́rẹ́ bò, ẹ̀jẹ̀ tú u. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tó dá nǹkan oṣù dúró náà ń dẹ́rù bà á, nítorí ìgbàgbọ́ wà pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde ń kó jọ sínú, yóò sì dí ilé ọmọ. Nínú ìlú tí àgàn ti ń jìyà ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sí ohun tí ọ̀rọ̀ "kò léwu" lè ṣe fún ẹni tó ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ó nílò ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò ṣàlàyé, tí yóò sì gbà kó pààrọ̀ sí ohun mìíràn. Ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà ni yóò padà sí, bí ó tilẹ̀ jìnnà sí ilé rẹ̀.

Àní, ibi tó jìnnà tún wù àwọn kan ju tòsí lọ. Obìnrin tó ń gbé Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn lè wọkọ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ ní àdúgbò Ring Road. Bí àwọn tó ń ṣètò bá rí i, wọ́n á ní ó ń fi owó ọkọ̀ ṣòfò. Owó ọkọ̀ náà lowó tó fi ń ra ìkọ̀kọ̀.

Ti àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ tún yàtọ̀. Ẹnu ọ̀nà kíláńíìkì ìjọba ni wọ́n ti ń mọ̀ pé wọn kò fẹ́ wọn. Wọ́n á béèrè ọkọ, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á fi Bíbélì tàbí Kùránì bá wọn wí. Nítorí náà, kẹ́míìsì ni ibùdó wọn. Ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń ta oògùn níbẹ̀ kò béèrè nǹkan kan ju owó lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ra kọ́ńdọ̀mù àti oògùn pàjáwìrì tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tí ọ̀pọ̀ sì sọ di ti ìgbà gbogbo. Àwọn tí kò rówó tàbí tí ojú ń tì ń lo omi iyọ̀ àti kán-ún, tí kò dènà oyún kankan. Nígbà tí oyún bá wá dé, òfin ọ̀daràn tó ti wà láti ìgbà ìjọba amúnisìn kò gbà kí dókítà ṣẹ́ ẹ àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là. Ẹ̀yìnkùlé ló kù. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù obìnrin mọ bí ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí. Nọ́ọ̀sì tó lé irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ padà ní oṣù mẹ́ta ṣáájú rò pé òun ń dáàbò bo ìwà rere ni.

Láti 2009 títí di 2014, ètò NURHI, tí àjọ Bill àti Melinda Gates ná owó fún, ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, Ìlọrin, Àbújá, Kàdúná, Benin àti Zaria. Irú rẹ̀ wáyé ní Kẹ́ńyà, Sẹ̀nẹ̀gà àti Íńdíà lásìkò kan náà. Ìwádìí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fi ohun tí àwọn obìnrin ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ hàn gbangba: ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera fúnra wọn ló ń dí ọ̀nà, wọ́n ń wo ọjọ́ orí, iye ọmọ, bóyá obìnrin ti lọ́kọ, àti bóyá ọkọ fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ìlànà tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún àwọn òṣìṣẹ́ kọ́. Wọ́n fi eré àti ọ̀rọ̀ sórí rédíò. Wọ́n sì mú àwọn onídìrí àti aránṣọ wọ iṣẹ́ náà, nítorí pé obìnrin tó ń di irun á jókòó wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan náà, kò sì sí ohun tí wọn kì í sọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wá ní 2014, àwọn tó ń lo ìfètò ìgbàlódé ní àwọn ìlú náà ti pọ̀ sí i. Ní apá kejì iṣẹ́ wọn, tó dé Ọ̀yọ́, Èkó àti Kàdúná, wọ́n ń fi wákàtí 72 tún ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ṣe: wọ́n á kun ún, wọ́n á fi kọ́tìnnì àti ilẹ̀kùn sí yàrá ìgbaninímọ̀ràn. Àwọn kan rò pé ọ̀dà kíkùn lásán ni. Kọ́tìnnì yẹn gan-an ni obìnrin ti ń retí láti 1964.

Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ kéde pé gbogbo ohun èlò ìfètò di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, owó ohun tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, Jadelle, já wálẹ̀ láti dọ́là 18 sí dọ́là 8.50 fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, láìpẹ́ ti Implanon náà tẹ̀lé e. Ìlànà 2014 sì gbà kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé tí wọ́n ń pè ní CHEW máa fi í sí obìnrin lápá, kò di dandan kó jẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì mọ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyí mú kí ọ̀pọ̀ padà sí ilé ìwòsàn ìjọba. Síbẹ̀, "ọ̀fẹ́" yẹn kì í pé. Nọ́ọ̀sì lè má gba owó oògùn, yóò gba ti ìbọ̀wọ́, ti síríǹjì, ti àyẹ̀wò oyún àti ti káàdì. Obìnrin tó bá ti gbọ́ lórí rédíò pé ọ̀fẹ́ ni, tí wọ́n wá ní kó mú owó wá, á rò pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Kì í padà wá.

Ẹ wo iye náà. Ní 2018, ìpín 12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin Nàìjíríà tó wà nílé ọkọ ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. Ní ìwádìí 2023 sí 2024, ó di 15. Ìpín 21 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò fẹ́ lóyún lásìkò náà tí wọn kò sì lo nǹkan kan. Ọmọ tí obìnrin kan ń bí ní ìpíndọ́gba já wálẹ̀ láti 5.3 sí 4.8. Ní 2018, ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ Yorùbá, jẹ́ 3.9 nígbà tí ti àríwá-ìwọ̀-oòrùn jẹ́ 6.6. A ti sún mọ́ ọmọ mẹ́rin tí Ransome-Kuti kọ sínú ìwé rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ìwé náà. Owó iléèwé, owó ilé háyà àti ìwé tí obìnrin kà ló ṣe é.

Ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ti ilé iṣẹ́ USAID pa, ilé iṣẹ́ tó ti ń ra ohun èlò ìfètò fún ilẹ̀ Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi gbà pé ìtìjú ni fún wa pé, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, owó àjèjì ṣì ni ìpìlẹ̀ ohun tí ìyá ọmọ wa ń lò. Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ra nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, kí wọ́n sì máa tú owó náà jáde lásìkò, kì í ṣe kí wọ́n kàn kọ ọ́ sínú ìsúná.

Abẹ́rẹ́ kékeré kan ti wà báyìí tí obìnrin lè fi gún ara rẹ̀ nílé. Depo, oògùn inú abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta tí mo ti sọ, ló wà nínú rẹ̀, ó kéré ní ìwọ̀n, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrú, abẹ́ awọ ikùn tàbí itan ló ń wọ̀. Nọ́ọ̀sì á kọ́ obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan: bí yóò ṣe mì í, bí yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ kó lè ṣí, bí yóò ṣe mú awọ dání, kó tó fi í wọlé ní pẹ̀lẹ́. Á kó mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ sílé, ó di ọdún kan. Ó lè fi í sínú àpò ìpara, ó sì lè fi í sí ìsọ̀. Kò sí bẹ́ńṣì, kò sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀ sókè. Yàtọ̀ sí ìyọnu nǹkan oṣù tí mo ti sọ, ẹrù tó kù sórí rẹ̀ ni kó rántí ọjọ́ oṣù mẹ́ta, kó sì mọ ibi tí yóò ju abẹ́rẹ́ tó ti lò sí. Láàrin gbogbo ohun tí wọ́n ti gbé wá láti 1964, èyí ló sún mọ́ ohun tí obìnrin ìlú ti ń béèrè jù. Ìbéèrè tó kù fún àwọn tó wà lórí àga ní Àbújá àti ní Agodi, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni bóyá obìnrin náà yóò rí i nígbà tó bá padà wá gba ti ọdún tó ń bọ̀.